Rírìn, ijó, kẹ̀kẹ́ inú ilé tàbí omi: èwo ló yẹ obìnrin tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú l'Ékòó?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tí jẹjẹrẹ bá ń ṣe ní láti rù. Ti jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nítorí rẹ̀ ló ń sanra sí i, ikùn ló sì máa ń kọ́kọ́ hàn, nígbà tí iṣan itan àti ti apá ń jò. Ohun tó ń fà á kò fara sin. Oògùn ń mú kó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń jókòó. Dexamethasone tí wọ́n ń fún wọn kí wọ́n má bàa máa bì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń mú kí ebi máa pa wọ́n. Nǹkan oṣù lè dúró lójijì. Àwọn ará ilé náà á sì máa gbé mọ́ọ̀tì àti ẹ̀bà rẹpẹtẹ wá, pé kí ara lè gba oògùn. "Ẹ sinmi, Mummy. Ẹ má ṣe nǹkan kan."

Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá tún ara ṣe, ni mò ń ṣe ní Mainland, mo sì ti rí ibi tí ìsinmi tí kò lópin máa ń gbé obìnrin dé. Kímò á parí, jẹjẹrẹ á rọlẹ̀, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru á wá gba ipò rẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ohun tí a lè dènà ni.

Obìnrin tó ti gbà pé òun fẹ́ máa lo ara, tí kò kàn mọ èyí tóun máa yàn, ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Eré ìdárayá tó ń mú ọkàn lù kíákíá, tó ń mú èémí yára, téèyàn sì lè máa bá lọ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láìdúró ni mò ń sọ. Ibi tí mo dúró sí nìyí: ẹ má yan èyí tó ń múni làágùn jù. Ẹ yan èyí tí oògùn tó wà lára yín lọ́wọ́lọ́wọ́ gbà láyè, tí ẹ sì lè ṣe, ó kéré tán, ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ ní àdúgbò tí ẹ ń gbé. Èyí tó kù, àlàyé ni.

Ohun tí à ń lé

Nǹkan 5 ni àwọn dókítà ń wò: ikùn tó tóbi, ẹ̀jẹ̀ tó ru dé 130/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúgà òwúrọ̀ kí a tó jẹun tó dé 100 mg/dL (àwọn láàbù mìíràn á kọ ọ́ sí 5.6 mmol/L), ọ̀rá triglyceride tó dé 150 mg/dL, àti HDL, ìyẹn ọ̀rá tó ń ṣe ara lóore, tó bá wà nísàlẹ̀ 50 mg/dL. Ẹni tí 3 nínú 5 yìí bá bá, ọ̀nà àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ní ti ikùn, ìwọ̀n méjì ni wọ́n ń lò fún obìnrin: àwọn kan ní kó má kọjá 80 cm, ìyẹn nǹkan bí ínṣì 31 ààbọ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ní 88 cm, ínṣì 35. Téèpù télọ̀ tó wà nílé ti tó. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ tú ìró, ẹ wá àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé o. Ara yín lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe aṣọ àríyá.

Kí ni rírìn tàbí ijó ń ṣe sí nǹkan wọ̀nyí? Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní dúró de ínsúlínì, ohun inú ara tó ń ti ṣúgà wọ iṣan. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti jókòó tán, iṣan náà á ṣì máa gbọ́rọ̀ sí ínsúlínì lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún bí ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi pé kó má jẹ́ kó ju ọjọ́ 2 lọ léraléra láìṣe nǹkan kan. Èrè òní kì í dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó kan jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ náà. Ínsúlínì tó bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ti sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá sì ti dúró, inú ọ̀rá ara ni obìnrin ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ́sítírójìn (họ́mọ́ọ̀nù obìnrin) rẹ̀, ohun náà gan-an tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ń jẹ yó. Èyí kò sọ eré ìdárayá di oògùn jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi tamoxifen, oògùn tó ń dí ẹ́sítírójìn lọ́wọ́ nínú ọmú, sílẹ̀ kí ẹ máa sáré, ẹ sá fún un.

Ní 2018, Christina Dieli-Conwright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 100 tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, tí wọ́n sanra, tí wọn kì í sì í ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí apá kan máa ṣe eré tó ń mú èémí yára pẹ̀lú gbígbé irin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16, kí àwọn tó kù máa bá ìgbé ayé wọn lọ. Ikùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣe é sàn ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Ẹ fi sọ́kàn pé nǹkan méjì ni wọ́n pa pọ̀ níbẹ̀. Màá padà sí ti irin yẹn.

Rírìn tàbí ijó

Fún obìnrin tó ṣì wà nínú kímò, rírìn ni mo máa ń kọ́kọ́ mú. Kò gba owó, kò gba ẹ̀kọ́, ẹ lè gé e kúrú lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín, bí ara bá sì kọ̀ láàárín ọ̀nà, ẹ kàn máa yíjú sílé ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú pẹ̀lú, rírìn ló máa ń kọ́kọ́ ṣeé ṣe, nígbà tí apá ò tíì gbọdọ̀ gòkè.

Ìlú Èkó ló ń bá rírìn jà. Gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọkàdà tó ń gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, oòrùn tó ti mú kí aago 9 tó lù. Aago 6 òwúrọ̀ sí 7 ààbọ̀ ló dára, tàbí lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó wà ní Àkọkà lè rìn létí ọ̀sà nínú Yunifásítì Èkó; àwọn tó wà ní Ìkẹjà ní ọgbà Ndubuisi Kanu ní Alausa; ní Victoria Island, ọgbà Muri Okunola wà; ní Lagos Island, ẹ ó rí Freedom Park ní Broad Street. Bí kò bá sí èyíkéyìí nítòsí, ilé tó.

Mo mọ ìyá kan ní Òkè-Pópó tí kò fẹ́ kí àdúgbò rí orí òun tí irun ti re. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn ló sọ di pápá. Láti ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì dé ojú fèrèsé tó kọjú sí títì, yóò yí, yóò padà, rédíò ń sọ̀rọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ife ike kan, ó ń ju ẹ̀wà kan sínú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí màmá bá ti fọwọ́ kan fèrèsé. Lálẹ́, wọ́n á jọ ka ẹ̀wà náà. Ọmọ náà ò gbà kó dín sí ti àná, àfi bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ dírípù kímò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn yín yára tó? Ẹ máa ki oríkì ilé yín bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá lè kì í délẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé èémí ń yára, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè fi ohùn gígùn kọ orin, ìwọ̀n tó yẹ nìyẹn. Bí orin bá ń jáde dáadáa, ẹ kún ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ méjì kò bá lè tẹ̀ lé ara wọn, ẹ dẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, rírìn kiri ọjà Balógun tàbí Tẹ́júoṣó kò kà. Ẹ ń dúró, ẹ ń ná ọjà, ẹ ń yẹ̀ fún alábàárù. Ó ń tánni lókun, àmọ́ ọkàn kì í ríbi dúró lórí ìwọ̀n kan.

Ijó ga ju rírìn lọ lọ́nà méjì. Ó máa ń mú ọkàn lù jù, èèyàn kì í sì í fẹ́ kó tètè tán. Obìnrin Èkó tí kò ní rìn fún ìṣẹ́jú 15 lè jó fújì fún wákàtí kan lóde ìnáwó. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje kò dí i lọ́wọ́, torí yàrá ni. Fún ẹni tí ìrònú ti bo ọkàn rẹ̀, ijó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ń ṣe ohun tí èmi físíò ò lè fi ọwọ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kò gbọdọ̀ ju apá sókè kí wọ́n tó yọ rọ́bà tó ń fa omi ojú ọgbẹ́, kí dókítà tàbí físíò sì tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń lo letrozole tàbí anastrozole, àwọn oògùn tó ń dín ẹ́sítírójìn kù, tí oríkèé ń dùn, tí egungun sì lè ti fẹ́lẹ́, kó má fò: kí ẹsẹ̀ kan máa wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀robíìkì ọ̀pọ̀ èrò ní àárọ̀ Sátidé. Ẹni tó ń pàṣẹ níwájú kò mọ̀ pé dírípù wọ ara yín lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ lọ dúró lẹ́yìn, ẹ jó tiyín bí ara yín bá ṣe gbà.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yàn: rírìn ní àwọn oṣù kímò, kí ijó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kí méjèèjì sì máa gba ọjọ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Kẹ̀kẹ́ inú ilé tàbí àtẹ̀gùn

Oògùn kímò bíi paclitaxel àti docetaxel lè mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú tipiri, kó máa ta bí abẹ́rẹ́, kí obìnrin má mọ̀ bóyá sálúbàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan borí gbogbo èyí tó kù. Kò lè ṣubú, kò ní tẹ ìṣó láìmọ̀, orúnkún kò sì gbé ìwọ̀n ara. Ẹ lè mú un le tàbí kó rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò nílò iná mànàmáná. Ti owó ló le, àmọ́ àwọn tòkunbọ̀ wà tó ṣì dáa. Ẹ jókòó sórí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ìjókòó rẹ̀ ṣeé gbé sókè débi tí ẹsẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nísàlẹ̀. Ẹ má fi gbogbo ara tẹ ọwọ́ rẹ̀, pàápàá apá tí wọ́n ti yọ kókó abíyá nígbà iṣẹ́ abẹ, torí ó lè wú.

Ti jíìmù, ẹ ṣì dúró ná. Nínú kímò ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn dírípù ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àrùn máa ń kéré jù. Àkókò yẹn kì í ṣe àkókò láti máa fọwọ́ kan irin tí gbogbo èèyàn ti là òógùn sí.

Àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ ará Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń dárúkọ fún mi: "Àǹtí físíò, àjà kẹta la wà, ṣé ìyẹn ò tó ni?" Ó dára, ó sì le ju bí a ṣe rò lọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọkàn ti ń lù kìkì. Ẹni tí PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lè ní òòyì láàárín àtẹ̀gùn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mi ò ní fi àtẹ̀gùn ṣe eré ìdárayá gan-an fún ẹni tó wà nínú kímò. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ fi ṣe àfikún: ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ní gbígbá ibi ìfọwọ́tì mú, máa ń dín bí ṣúgà ṣe ń fò sókè lẹ́yìn oúnjẹ kù. Rírìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́yìn oúnjẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí àtẹ̀gùn bá ń dẹ́rù bà yín.

Omi àti eré sísá

Mi ò ní pẹ́ lórí omi. Ó dára fún oríkèé àti fún apá tó wú, lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti parí. Nígbà tí ẹ bá ń gba ìtànṣán, ẹ má wọ omi ìlúwẹ̀ẹ́, torí klorín inú rẹ̀ ń bá awọ ara tí ìtànṣán ti jó jà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí rọ́bà oògùn ṣì wà lára rẹ̀, tí ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jiná, tàbí tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kéré má wọ̀ ọ́. Ọ̀sà àti òkun Èkó kì í ṣe ibi ìwòsàn. Owó àwọn adágún òtẹ́ẹ̀lì náà kì í jẹ́ kó ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Eré sísá wà fún ẹni tó ti ń sáré kó tó ṣàìsàn. Doxorubicin, ìyẹn oògùn kímò pupa, àti trastuzumab, oògùn jẹjẹrẹ ọmú mìíràn, lè dín agbára ọkàn kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ọkàn yín kí ẹ tó sáré. Ẹni tí jẹjẹrẹ bá ti dé egungun rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó sáré, kó fò tàbí kó gbé ẹrù.

Mélòó ló tó?

Ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi lélẹ̀ ní 2020 ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún eré tó mọ níwọ̀n, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le. Obìnrin tó wà nínú kímò máa ń gbọ́ 150, á sì sọ̀rètí nù. Kó má rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá kó jọ ní 2019 fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ni ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12: ìyẹn ti tó láti dín àárẹ̀, àníyàn àti ìbànújẹ́ ọkàn kù. Àárẹ̀ kímò yàtọ̀ sí àárẹ̀ iṣẹ́ oko. Oorun nìkan kì í wò ó, rírìn níwọ̀nba ló ń dín in kù. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn dírípù, ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti 10 nírọ̀lẹ́ dára púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ara bá ti padà bọ̀ sípò, ẹ kún un.

Àwọn tó ń gba ìtànṣán ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí wọ́n ṣí ní 2019, máa ń lọ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí ẹ bá ń ti Island wá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ á jẹ ọjọ́ náà tán. Ẹ má fi eré ìdárayá sí ìrọ̀lẹ́ lákòókò yẹn. Ẹ ṣe é nínú yàrá kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ irin tí mo ní màá padà sí: rírìn nìkan kì í dá iṣan tó ti jò padà, iṣan sì ni ilé tí ṣúgà ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa dìde lórí àga, kí ẹ tún jókòó, láìfi ọwọ́ tì í. Ẹ gbé ìgò omi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ yín pé apá tí wọ́n ti yọ kókó abíyá kò gbọdọ̀ gbé nǹkan mọ́ láéláé. Ní 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára obìnrin 141 tí apá wọn ti ń wú. Àwọn tó gbé irin díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ wọn, apá wọn kò wú ju ti àwọn tí kò gbé e lọ, wọ́n sì lágbára sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́, pẹ̀lú físíò.

Kí ẹ tó wọ bàtà

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gún ínsúlínì tàbí lo glibenclamide, kó yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 100 mg/dL, kó jẹ nǹkan díẹ̀, kó sì mú glúkósì dání. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà bọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí àyà bá ń dùn, bí òòyì bá kọ́ yín, tàbí bí èémí kò bá padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí ẹ ti jókòó. Ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń ro yín, nígbà tí èkejì kò rí bẹ́ẹ̀, lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn tàbí egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, tó ń jí yín lóru, dókítà jẹjẹrẹ yín ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Bí ara bá sì gbóná dé 38°C lásìkò kímò, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ náà, ẹ má sì yà sí kẹ́míìsì lọ ra oògùn ibà: ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń gba kímò ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru.